Ọṣẹ tí a kì í gbé ka iná

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọṣẹ dúdú tí a ń sè. Ọṣẹ líle ni, èyí tí ẹ lè fi òrí ṣe nínú àgbàlá yín.

Ẹ wo àyíká Parakou. Igi emi ló yí wa ká. Nígbà òjò, àwọn ìyá ń jí ní ìdájí lọ ṣa èso rẹ̀ nínú oko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ta kóró rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú nínú owó yẹn lọ sí ọjà Arzèkè, wọ́n á fi ra ọṣẹ tí ọkọ̀ gbé wá láti Kùtọ̀nù, ọ̀nà tó ju 400 kìlómítà lọ. Ohun tí a fi ń ṣe ọṣẹ wà lọ́wọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo ni a ní láti rà, sóódà nìyẹn. Sóódà yìí náà ni ó lè pa wá lára bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò.

Kí ni ọṣẹ? Ọṣẹ ni ohun tí epo ń dà nígbà tí ó bá pàdé omi alágbára kan. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ń jó èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń da omi sórí eérú rẹ̀, wọ́n ń gba omi tó bá ro sílẹ̀, omi náà ni wọ́n fi ń se àdí títí yóò fi di ọṣẹ. Agbára inú eérú kì í jẹ́ kí ọṣẹ le. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀. Sóódà ní tirẹ̀ ń mú kí ọṣẹ le. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 1791, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Nicolas Leblanc gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí ó rí láti fi iyọ̀ ṣe sóódà. Ṣáájú ìgbà náà, eérú igi àti eérú ewé etí òkun ni àwọn òyìnbó náà gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọṣẹ eérú wa ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ ibi tí tirẹ̀ ti wá.

Sóódà tí mò ń wí kì í ṣe kán-ún, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi sínú àkàrà òyìnbó. Èyí tí àwọn aláró ń lò ni. Ẹ ka ara páálí tàbí ike rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní Faransé pé: soude caustique. Bí ẹ kò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má rà á.

Sóódà funfun bí iyọ̀. Bí a bá pò ó mọ́ omi, ó mọ́ bí omi mímu. Níbẹ̀ ni ewu wà. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ yóò rí ìgò kan ní ìdí ògiri, yóò gbé e sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó gbé mì ti tó. Omi yẹn ń jó ẹnu, ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Bí ojú ọgbẹ́ náà bá ń jinná, ọ̀nà ọ̀fun á máa sún kì, títí ọmọ kò fi ní lè gbé ẹ̀kọ mì mọ́. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ wa àti ní Nàìjíríà mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òmíràn ń lọ síwá sẹ́yìn ní ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n lè máa la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Òmíràn, ikùn rẹ̀ ni wọ́n ń lu ihò sí kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da omi sóódà sínú ìgò omi tàbí ìgò ohun mímu láé, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Sóódà gbígbẹ, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí, ẹ kọ SÓÓDÀ sí i lára gàdàgbà, ẹ gbé e sínú àpótí tó ní àgádágodo. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nìyẹn, pé epo pupa ń pa oró. Sóódà kò gbọ́ tirẹ̀. Epo lè mú kí ọmọ bì, ohun tó jó o nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀ á tún jó o nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí Parakou, kí ó máa lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní CHUD. Bí ó bá ta sí àgbàlagbà lára, ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀, ẹ máa da omi tútù sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Bí ó bá ta sójú, omi náà ni, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí orí òṣùwọ̀n. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba ọṣẹ jẹ́.

Agolo tòmátì kì í ṣe òṣùwọ̀n ọṣẹ. Sóódà kan rí wẹ́wẹ́, òmíràn rí pẹlẹbẹ bí èèpo, agolo kan náà kò lè gba ìwọ̀n kan náà nínú méjèèjì. Òṣùwọ̀n tí ẹlẹ́ran fi ń wọn ẹran kò tó, nítorí kò mọ gíráàmù 10 yàtọ̀ sí gíráàmù 30. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi gíráàmù kọ̀ọ̀kan hàn ni ẹ nílò. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ fún ẹnì kan, kí obìnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà dá owó jọ rà á.

Epo kọ̀ọ̀kan ní iye sóódà tirẹ̀. Ẹ kọ iye wọ̀nyí sínú ìwé yín. Fún 100 gíráàmù òrí, ẹ fi sóódà 12 gíráàmù. Fún 100 gíráàmù epo ẹ̀pà, 13. Epo pupa, 13. Fún 100 gíráàmù àdí, 16. Mo ti dín in kù díẹ̀ sí ohun tí epo náà lè gbà pátápátá, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, kí ó má baà jẹ́ sóódà ni yóò ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò kílò kan. Òrí 500 gíráàmù: 12 lọ́nà 5, ó jẹ́ 60. Àdí 300 gíráàmù: 16 lọ́nà 3, ó jẹ́ 48. Epo ẹ̀pà 200 gíráàmù: 13 lọ́nà 2, ó jẹ́ 26. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 134. Gíráàmù 134 ni sóódà yín. Omi jẹ́ 300 gíráàmù. Kí ló dé tí a kò fi lo òrí nìkan? Òrí nìkan kì í hó dáadáa, àdí ló ń mú ọṣẹ hó.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí òrí ọjà. Àwọn kan ń fi omi kún un kí ó lè wọ̀n. Bí ẹ bá wọn 500 gíráàmù, tí 50 nínú rẹ̀ jẹ́ omi, sóódà yín ti pọ̀ jù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ọṣẹ náà yóò sì máa jó ni lára. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yọ́ òrí, ẹ jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ da èyí tó mọ́ kúrò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ó kù kí a pò ó. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀, ní ìta gbangba, kí àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ìwé, kí ewúrẹ́ wà lórí ìso. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí awò sì wà lójú yín. Ẹ lo abọ́ ike tó nípọn tàbí abọ́ tánganran tí kò tíì bó. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, irú èyí tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé gbogbo. Sóódà ń jẹ ẹ́, yóò máa hó, yóò máa yọ gáàsì tó lè gbiná. Orógùn tí ẹ bá fi ro ọṣẹ kò gbọdọ̀ padà sínú àmàlà.

Ẹ wọn omi sínú abọ́ kan. Ẹ wọn sóódà lọ́tọ̀. Ẹ wá máa da sóódà sínú omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Sóódà ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi sórí sóódà, nítorí yóò hó lójijì, yóò ta sí yín lójú. Omi náà yóò gbóná láìsí iná, èéfín yóò sì rú. Ẹ dúró ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí èéfín lè máa lọ sí òdì kejì. Kí ẹnì kan dúró tì í títí yóò fi rọlẹ̀.

Ẹ yọ́ òrí àti àdí pọ̀ lórí iná, ẹ da epo ẹ̀pà sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iná ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ abọ́ méjèèjì láti ìta, tí wọ́n lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò jó yín, ẹ da omi sóódà sínú epo, ẹ máa rò ó. Bí epo bá ti tutù jù, òrí yóò kàn dì, ẹ ó rò pé ọṣẹ ti dé, kò sì tíì dé. Ọwọ́ lásán lè ro ó fún wákàtí kan. Ẹ gba ara yín láyè, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín. Nígbà tó bá ki bí ẹ̀kọ mímu, tí ìkán tó jábọ́ láti orí orógùn hàn lójú rẹ̀ kí ó tó rì, ó ti tó. Ẹ dà á sínú àpótí pákó tí ẹ ti tẹ́ ọ̀rá sí, ẹ fi aṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ gé e. Kí ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, kò tíì di ọṣẹ ìwẹ̀. Ẹ tò ó sórí àtẹ nínú òjìji, kí àlàfo wà láàárín wọn, ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Nígbà ọyẹ́ ó ń gbẹ kíákíá. Nígbà òjò, ọṣẹ a máa làágùn, kì í ṣe àrùn, omi inú afẹ́fẹ́ ló ń fà. Ìyẹ̀fun funfun fẹ́ẹ́rẹ́ lójú rẹ̀ kò burú, ẹ nù ún nù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e tí ẹ rí ihò tí omi wà nínú rẹ̀, tàbí èkúrú sóódà, ẹ má tà á, ẹ má fi wẹ ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi ìka tútù ra ọṣẹ, ẹ fi ìka náà kan ahọ́n díẹ̀. Bí ó bá ta yín bí iná, ó ṣì kù.

Kílò epo kan yóò fún yín ní nǹkan bí ọṣẹ 12 tó jẹ́ 100 gíráàmù. Ẹ ṣírò owó sóódà, àdí, epo ẹ̀pà, igi ìdáná àti òrí pẹ̀lú, bí ẹ tilẹ̀ fi ọwọ́ yín ṣe òrí náà. Ẹni tí kò ka òrí tirẹ̀ mọ́ owó yóò rò pé òun jèrè.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó, ìwọ̀n epo kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n sóódà àti ìwọ̀n omi. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ. Èyí tí ẹ bá gé ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní, kí ẹnikẹ́ni má mú un kúrò níbẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 31.