Òkè Ni Wọ́n Ń Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹsẹ̀ Tí Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Òde Tẹlẹ̀

Àwọn baba wa ní nígbà tí wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í pa òwe yìí láàrin wa, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ara gan-an, òkè náà ni a ṣì ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ a ní orúnkún ń dun òun, a ó fi òróró pa orúnkún. Eléré ìje a ní ìbàdí ń ro òun, a ó wá nǹkan lò sí ìbàdí. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí a wo ìdí bàtà náà. Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí á jọ wò lónìí.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ìdí kan ni pé èdè wà lára ohun tí ó da ọ̀rọ̀ náà rú. Nígbà tí a bá ní ẹsẹ̀ ẹnì kan yà sóde, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ti pẹ́pẹ́yẹ. Ó lè jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, tí ẹsẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun. Ó sì lè jẹ́ pé bí ó ti ń rìn, ìwọ̀n ara rẹ̀ ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde àtẹ́lẹsẹ̀, sí ìhà ọmọ-ìka. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa. Inú èdè Látìn ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti yá orúkọ tí wọ́n ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ náà supinus, èyí tí í ṣe ti ẹni tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tí ó kọjú sókè. Ọwọ́ tí a tẹ́ láti gba nǹkan, supinus ni, nítorí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ẹsẹ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe bí ọwọ́ yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa wo ẹsẹ̀ kejì, ẹ̀gbẹ́ òde nìkan ni yóò sì kù fún un láti fi tẹlẹ̀. Ní tèmi o, ẹsẹ̀ afẹ̀gbẹ́tẹlẹ̀ ni n ó máa pè é, nítorí orúkọ yẹn ń sọ ohun tí ojú rí.

Kí á tó mọ ohun tí ó wọ́, ó yẹ kí á mọ bí èyí tí ó gún ṣe ń ṣiṣẹ́. Egungun 26 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, oríkèé rẹ̀ sì lé ní 30. Ẹsẹ̀ kì í ṣe pátákó tí a kàn mọ́ ìdí ojúgun. Bí a bá gbé e sílẹ̀, apá òde gìgísẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò rọra yí wọnú, tí àárín rẹ̀ tí ó ga bí ọrun yóò sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Yíyí wọnú yìí ni ó ń gba agbára ìkọlù ilẹ̀ sára, bí sípíríǹgì ọkọ̀ ti ń gba ti kòtò. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, yóò tún le gbagidi, ìwọ̀n ara yóò kọjá sórí àtàǹpàkò, òun ni yóò sì ti wa síwájú.

Ẹsẹ̀ afẹ̀gbẹ́tẹlẹ̀ kì í yí wọnú tó. Le ni ó le dé ilẹ̀, le náà ni ó le kúrò nílẹ̀. Bí a bá ń sáré, agbára tí ilẹ̀ fi ń ti ẹsẹ̀ padà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwọ̀n ara. Ẹni tí ó wọn kílò 60 ń gba nǹkan bí kílò 120 sí 180 nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ òde tóóró kan sì ni ó fi ń gbà á. Ohun tí kò bá rí ẹsẹ̀ gbà á yóò gun ojúgun lọ, yóò dé ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún, nígbà mìíràn yóò dé ìbàdí.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ máa rọ́ léraléra. Ọrùn-ẹsẹ̀ ti fì sóde tẹ́lẹ̀. Òkúta kékeré kan ti tó láti dà á. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti egungun gígùn tí ó lọ sí ọmọ-ìka. Ní ọdún 1902, Robert Jones, oníṣẹ́ abẹ egungun kan ní Liverpool, kọ̀wé nípa bí egungun yìí ṣe ń ṣẹ́ nítòsí ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an wà lára àwọn tí ó kọ nípa wọn, níbi tí ó ti ń jó ni ó sì ti ṣẹ́! Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé sókè, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Ní ti ẹni tí ń fi ẹ̀gbẹ́ sáré lójoojúmọ́, egungun yìí lè máa sán díẹ̀díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́ pátápátá, kì í sì í tètè jinná, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, bí eléré ìje bá ń fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ní ojú kan báyìí ni ó ń dun òun, kí olùkọ́ eré ìdárayá má ṣe sọ fún un pé kí ó lọ sáré sí i kí ó lè gbóná.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹsẹ̀ yìí? Àwọn aránbàtà mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Bàtà tí a bá gbé fún wọn, wọn a dojú rẹ̀ dé, wọn a wo ibi tí ó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ara wọn lẹ́bi lásán ni èyí. Kí gìgísẹ̀ bàtà jẹ díẹ̀ lẹ́yìn ní apá òde, ti gbogbo ayé ni; mo ti sọ pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ó gún pàápàá fi ń kan ilẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí á fiyè sí ni bàtà tí ó jẹ láti gìgísẹ̀ lọ gbọọrọ gba ẹ̀gbẹ́ òde dé abẹ́ ọmọ-ìka, tí ibi àtàǹpàkò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tuntun. Bí a bá gbé irú bàtà bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi tí ẹrù rẹ̀ kò dọ́gba.

A tún lè fi omi rin àtẹ́lẹsẹ̀ kí á tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbígbẹ. Ẹsẹ̀ tí àárín rẹ̀ ga jù yóò fi ojú gìgísẹ̀ àti ojú ìka sílẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò so wọ́n pọ̀, tàbí kí okùn náà má tilẹ̀ sí. Àmọ́, ojú ẹsẹ̀ tí ó dúró ni ilẹ̀ fi hàn wá, kò fi ti ẹsẹ̀ tí ń rìn hàn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn kí olùkọ́ dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìka ẹsẹ̀ síwájú gbọngbọn. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọjú lápá inú, bí ọmọ tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò pamọ́ tán, a jẹ́ pé ó ti yí kúrò ní ipò rẹ̀.

Coleman àti Chesnut ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìdánwò kan ní ọdún 1977 tí ó rọrùn débi pé pákó lásán ni ohun èlò rẹ̀. A ó wá pákó tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹni náà yóò gbé gìgísẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀ lé e, yóò sì jẹ́ kí ìhà àtàǹpàkò sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí pákó. Bí gìgísẹ̀ bá tò padà sí ipò, a mọ̀ pé oríkèé ẹ̀yìn kò tíì gan. Iwájú ẹsẹ̀, níbi tí ìdí àtàǹpàkò ti tẹ̀ sílẹ̀ jù, ni ó ń tì í sóde. Bí kò bá tò padà, ó ti gan nìyẹn, dókítà egungun ni ó ni ín.

Níbo ni ó ti wá? Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àjogúnbá ni: bí baba ti ń rìn ni ọmọ ń rìn, kò sì dun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò béèrè àtúnṣe kankan, n kò sì fara mọ́ kí olùkọ́ yọ ọmọ kúrò nínú ìwọ́de 27 oṣù Karùn-ún nítorí pé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò dà bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó nà án. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ìdí rẹ̀ jinlẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ fi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó wà láàrin wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé oríṣi kòkòrò rẹ̀ ti àtètèkọ́ṣe ti kúrò ní Áfíríkà. Abẹ́rẹ́ tí a gún ọmọ ní ìdí níbi tí kò yẹ lè ba iṣan ńlá tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, tí ẹsẹ̀ yóò sì rọ, tí yóò máa yí sí ẹ̀gbẹ́. Èyí kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa, a sì lè dènà rẹ̀. Àìsàn iṣan kan tún wà tí ń lọ láti ìran dé ìran, tí Charcot àti Marie ní Paris àti Tooth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàpèjúwe ní ọdún 1886. Nínú rẹ̀, àárín ẹsẹ̀ a máa ga sí i lọ́dọọdún, ìka a máa ká kò bí èékánná ẹyẹ, ojúgun a sì máa fọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nìyí. Ọmọ tí ó ti ń rìn dáadáa tẹ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí yí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà rárá. Ohun kan lè wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó dé ilé ìwòsàn láìpẹ́.

Ní ti àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé èyí tí kò dára lọ. Nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ pé àárín ẹsẹ̀ òun ga, ohun tí ó ń sáré lọ rà ni tìmùtìmù tí a ń fi sínú bàtà láti gbé àárín ẹsẹ̀ ró. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wó wọnú ni wọ́n ṣe é fún! Bí a bá gbé ìhà inú ẹsẹ̀ tí ó ti ń yí sóde sókè sí i, ṣe ni a tì í ṣubú. Ìhà òde ni ó yẹ kí a gbé sókè díẹ̀, kí a sì jẹ́ kí abẹ́ ìdí àtàǹpàkò ní kòtò tí yóò wọ̀. Bákan náà ni bàtà ìsáré tí wọ́n fi nǹkan líle sí ìhà inú rẹ̀: kò yẹ ẹsẹ̀ yìí. Èyí tí ó rọ̀, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, ni kí ó wá.

Kí á má sì gbà pé bàtà ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2009 àti 2010, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún apá kan ní bàtà tí ó bá ojú ẹsẹ̀ wọn mu, wọ́n fún apá kejì ní oríṣi bàtà kan náà láìwo ojú ẹsẹ̀. Ìpalára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn mìíràn a ní kí á kúkú bọ́ bàtà sọnù, nítorí Abebe Bikila ará Ethiopia sáré láìwọ bàtà ní Róòmù ní 1960, ó sì gba wúrà. Òótọ́ ni. Ní Tokyo ní 1964, bàtà ni ó wọ̀, ó tún gba wúrà.

Iṣẹ́ wà tí ara fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun tí ó bá há ń fa gìgísẹ̀ wọnú. Nítorí náà kí a máa nà án. Ẹ fi ọwọ́ ti ògiri, ẹ fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí orúnkún nà, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹran ẹ̀gbẹ́ òde ojúgun, tí í ṣe olùdènà ẹsẹ̀ rírọ́, ń fẹ́ agbára. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó ti tó: ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ẹ ki iwájú ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fà á sóde pẹ̀lú ọrùn-ẹsẹ̀ nìkan, ìgbà 10 sí 15. Kí ẹ sì máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹ bá ń fọ ẹnu láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni èyí ń gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fi ipá tẹ ìhà inú ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn. Orúnkún ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí iṣẹ́ tèmi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má ṣe sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, kí ẹ sì dákẹ́. Nínú èdè wa, láti ìbàdí dé èékánná ni à ń pè ní ẹsẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yín lè sọ ọ́ báyìí pé: ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nìkan ni, ẹ̀gbẹ́ òde rẹ̀ nítòsí ìdí ọmọ-ìka, bí mo bá ti sáré nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ti rọ́ nígbà mẹ́ta láti ọdún tí ó kọjá, bàtà mi nìyí, ẹ wo ìdí rẹ̀.