A kì í fá orí lẹ́yìn olórí

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí ìjọba tàbí ìlú bá fẹ́ ṣe ọ̀nà, afárá, kànga ẹ̀rọ tàbí ìsédò, èyí tí àwọn kan ń pè ní dáàmù, ó yẹ kí a pe gbogbo ẹni tí iṣẹ́ náà yóò kàn. Kí a sì pè wọ́n kí a tó mú ibi tí iṣẹ́ yóò wà. Bí katakata bá ti dé, ọ̀rọ̀ ti pẹ́.

Ta ni iṣẹ́ ìlú ń kàn? Ẹ jẹ́ ká wo ìsédò Ìkèrè, lórí odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ lé e, nítorí omi mímu, omi oko àti iná mànàmáná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ka àwọn tí ọ̀rọ̀ odò kan ṣoṣo kàn. Ó kan àgbẹ̀ tó ní oko létí odò. Ó kan apẹja. Ó kan Fúlàní tó ń da màlúù lọ mu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kan obìnrin tó ń ṣa èso òrí àti irú nínú igbó. Ó kan Àgàtú àti ará Bẹ̀nẹ̀ tó wá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó kan gbogbo ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ odò. Bí a bá pe ìpàdé sí ààfin, mélòó nínú wọn ni a ó bá níbẹ̀? Ẹ sọ òótọ́!

Ìyà ẹni tí a bá gbàgbé nílé ìpàdé kì í tètè hàn. Ẹ wo Kàìnjì, lápá àríwá wa lọ́hùn-ún, lórí odò Ọya. Ọdún 1968 ni wọ́n parí ìsédò iná tó wà níbẹ̀. Omi bo ìlú Bùsá àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ abúlé. Àwọn ènìyàn bí 44,000 ni wọ́n kó kúrò, ìjọba sì kọ́ ilé tuntun fún wọn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ńkọ́? Omi kò bo ilé wọn, nítorí náà a kò fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n mọ́ àwọn tó pàdánù. Bẹ́ẹ̀, tẹ́lẹ̀ rí, odò a máa kún lọ́dọọdún, a sì máa fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún ìrẹsì wọn. Lẹ́yìn ìsédò, kíkún náà dín kù, ẹja dín kù. Ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ tó ṣe òfin àjọ tí yóò máa ran àwọn agbègbè ìsédò iná lọ́wọ́. Ọdún 42 nìyẹn! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1968 ti tó ẹni tí ń fi ọmọ fún ọkọ.

Ti Bakolori burú ju ìyẹn lọ. Ní ilẹ̀ Sókótó ìgbà náà, tó ti di Zamfara lónìí, iṣẹ́ ìsédò àti omi oko gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ń bèèrè owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn àti igi wọn. Wọn kò rí i gbà bó ti yẹ, ni wọ́n bá dí ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1980, ọlọ́pàá kọlù wọ́n. Ìjọba ní àwọn 25 ló kú. Àwọn mìíràn ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí a ṣe é ire? Ó ṣeé ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wà rí nínú ètò Fàdámà Kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí àgbẹ̀, apẹja, darandaran àti àwọn obìnrin kọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ẹgbẹ́ jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé kan, kí wọ́n sì dá nínú owó rẹ̀. Ìlànà yìí dára. Opó tí kò lè lanu níwájú baálẹ̀ yóò lanu láàárín àwọn opó ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní: “Ìlú tiwa ni, kí ló kan àlejò?” A gbọ́. Onílẹ̀ ni onílẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá bá darandaran sọ ọ̀nà tí màlúù rẹ̀ yóò gbà dé odò, ṣebí inú oko wa náà ni yóò gbà? Ìjà dé nìyẹn.

Ní báyìí tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, tí ẹ mọ̀ ọ́n kà, ẹ lè ṣe ohun mẹ́rin.

Èkíní: ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé. Ẹ wá bi ara yín pé, ta ni kò sí? Bí kò bá sí obìnrin, tí kò sí Fúlàní, tí kò sí ará abúlé, tí kò sí arọ tàbí afọ́jú, ìpàdé kò tíì pé.

Èkejì: ẹ gbé ìpàdé lọ bá àwọn tí kò lè wá. Ọjọ́ ọjà kò dára fún ẹlẹ́lùbọ́, ọ̀sán kò sì dára fún darandaran. Bí èdè bá yàtọ̀, ẹ wá ògbufọ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ ka ìwé kí ẹ tó tẹ̀ka sí i. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, kí ó san owó ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀. Nítorí náà ẹ ka igi yín, ẹ ka ebè yín, kí ẹ sì kọ iye wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò tó dáko kọ tirẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹrin: ẹ ka ohun tí a bá fẹnu kò sí sókè, kí ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí wọ́n bá pe ìpàdé kànga tàbí ọ̀nà ní àdúgbò yín, ẹ mú ìwé àti bírò dání, kí ẹ sì ya ilé ẹni tí wọn kì í pè, kí ẹ jọ lọ.