Ẹnu Igi Òrùlé Tí Ó Jẹrà Ní Àwọn Ilé Bódìjà



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ogún àwọn baba wa, Mápó àti àwọn agbolé àtijọ́ ni ọkàn olúkúlùkù máa ń lọ sí. Lónìí, Bódìjà ni àwa ń lọ. Ní ọdún 1958 ni Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá Àjọ Ilé Kíkọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àjọ náà sì ni Ẹsitéètì Bódìjà. Àwọn ilé ìbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ti lé ní 60 ọdún, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ní wọn sì ti lọ sí ilé ìsinmi. Bí etí òrùlé bá ti tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nísinsìnyí, àwọn ọmọ a ní ilé ti gbó, ẹ jẹ́ kí á wó o. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 ní ẹnu igi nìkan ni ó bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni omi ti ń bá igi. Láti oṣù Kẹta títí di Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Bí páànù kò bá yọ kọjá pákó etí òrùlé, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ a ṣẹ́rí padà sí abẹ́, ẹnu igi tí ayùn gé a sì máa mu omi ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Igi tí ó tutù ni ikán ń wá. Ikán a máa fi amọ̀ la ọ̀nà gun ògiri láti ilẹ̀. Kòkòrò kejì kì í la ọ̀nà, ìyẹ̀fun kíkúnná ni ó ń dà sílẹ̀ láti inú ihò wẹ́wẹ́. Kí a má fi ojú lásán wò ó, nítorí ọ̀dà a máa bo àṣírí. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni kí a fi gún un: bí ó bá wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ, igi náà ti lọ.

Kí gbẹ́nàgbẹ́nà kọ́kọ́ fi òpó ti òrùlé náà lábẹ́. Kí ó ṣí páànù etí, kí ó gé igi padà títí yóò fi kan èyí tí ó le, kí ó sì gbé igi tuntun tí ó ga bákan náà ti ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó kù. Bí èyí tí ó yọ síta bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, kí igi tuntun wọ inú tó ẹsẹ̀ bàtà 4 kọjá ògiri. Bóòtù ni kí a fi dè é. Ìṣó nìkan kò lè dúró de ìjì. Ní ọjà pákó Bódìjà, ìrókò tàbí apá ni kí a béèrè, kí a sì kọ ẹran funfun tí ó sún mọ́ èèpo. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ sì dínkù, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Kí a fi oògùn igi kun ojú ibi tí a gé kí a tó dè é pọ̀, kí a sì pa ikán láti ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀.

Àwọn onílé kan wà ní Agbówó tí wọ́n fi pákó tuntun bo igi tí ó jẹrà, tí wọ́n sì kùn ún dáradára. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó háyà yàrá ń sá òjò sí. Èyí bà wá nínú jẹ́ ju ilé wíwó lọ.

Bí òrùlé bá jẹ́ ti asbestos, kí ẹnikẹ́ni má fi ayùn gé e, kí ó má sì fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn rẹ̀ sì lè pẹ́ tó 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọjú. Kí a rin ín lómi, kí a tú u pẹ̀lẹ́, kí a gbé e sọ̀kalẹ̀ ní odindi. Láàrin oṣù Kejìlá sí Kejì ni iṣẹ́ náà yẹ, nígbà tí igi gbẹ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.