Ta Ni Ó Ń Ṣọ́nà?



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìhà Àríwá yìí lọ sí Èkó rí. Awakọ̀ méjì ni ó máa ń jókòó níwájú. Ẹ má ṣe rò pé ẹnì kejì kàn ń sinmi ni. Ọ̀kan ni ó ń darí ọkọ̀. Èkejì ni ó ń ṣọ́ gbogbo aago tí ó wà níwájú wọn, tí ó ń bá àwọn tí ó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó sì ń ka ìwé àyẹ̀wò sókè ketekete. Bí ọ̀kan bá fẹ́ fi ìdarí lé èkejì lọ́wọ́, ẹnu ni ó fi ń sọ ọ́. Èkejì yóò sì dáhùn pé òun ti gbà á. Bí ẹni tí ń ṣọ́nà bá rí àṣìṣe, dandan ni kí ó sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọ̀gá rẹ̀ ni ó ṣe é.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 1972, ọkọ̀ Eastern Air Lines kan láti New York fẹ́ gúnlẹ̀ sí Miami ní Amẹ́ríkà. Iná kékeré tí ó yẹ kí ó fi hàn pé táyà iwájú ti jáde kò tàn. Wọ́n gbé ọkọ̀ padà sókè dé ẹsẹ̀ bàtà 2,000, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ń darí ara rẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀, igbákejì rẹ̀ àti ẹnjiníà wọn sì dojú kọ iná náà. Láìmọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Agogo ìkìlọ̀ dún. Kò sí ẹni tí ó kọbi ara sí i. Ọkọ̀ já sínú àbàtà. Nínú ènìyàn 176, 101 ni ó bá a lọ. Táyà náà ti jáde. Gílóòbù lásán ni ó jó.

Àwọn àgbà ní gbogbo wa kò lè sùn kí a kọrí síbì kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìdálẹ̀, bí bàbá àti ìyá bá jọ dojú kọ ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní ìlú wa, ta ni ó ń ṣọ́ ọmọ tí ó ti dẹ́kun àdúrà? Bàbá rò pé ìyá ń wò ó. Ìyá rò pé bàbá ń wò ó. Ilé kíkọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní alẹ́ òní, ẹ jókòó, ẹ fi ẹnu sọ ọ́: ta ni ó ń darí, ta ni ó ń ṣọ́nà? Ìwọ olórí ilé, bí aya rẹ bá sì kìlọ̀ fún ọ, má ṣe kà á sí àfojúdi.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ilé gbogbo wa. Àmín.