Ohun Tí Gbogbo Ọjà Mọ̀ Kì í Ṣe Àṣírí

Ọ̀ràn ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí a fi ń ṣọ́ fóònù wa, owó wa ní báńkì àti lẹ́tà wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ ní kí n wá bá yín sọ. Kò pé ọdún méjì tí ó dé inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi jí i: ní nǹkan bí ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sí ẹnu ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín lò, ṣùgbọ́n ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Allan Scherr, tí wákàtí tí wọ́n pín fún un kò tó o, ní kí ẹ̀rọ náà tẹ ìwé tí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo wọn wà nínú rẹ̀ jáde fún òun, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ láìjiyàn.

Ní ti àwa ọmọ Yorùbá, ìfẹ́ ló ń kó bá wa. Bí a bá bímọ, a ó fi oríkì lé e, Àjàní tàbí Àdùkẹ́, a ó sì máa kì í ní gbangba títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Bí a bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, ọjọ́ náà yóò wà lára ike àti báàgì tí a fi pín ẹ̀bùn, yóò sì ti dé orí Facebook kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúkọ àti ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni a tún ń mú ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà! Nọ́ńbà mẹ́rin tí a ń tẹ̀ nídìí ATM lè jẹ́ oríṣi 10,000, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọjọ́ àti oṣù ìbí rẹ̀ ṣe tirẹ̀ ti sọ ọ́ di 366, ẹni tí ó bá sì ti jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí náà kò ní láti tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nítorí náà, kí ọkàn wa má ṣe yan ọ̀rọ̀ aṣínà fún wa rárá. Ní 1995, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arnold Reinhold fi dáìsì, irú èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń ta lúdò, yan ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 7,776, kí ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan lè tò tẹ̀lé ara wọn. Ní èdè wa, irú rẹ̀ ni *abere ogede satide kinihun sibi*, láìfi àmì ohùn sí i. Ẹ má lo èyí, gbogbo gbọ̀ngàn ti gbọ́ ọ. Ẹ má sì fi òwe ṣe é, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ ìdajì òwe ti mọ ìyókù. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà pàápàá, tí ó ti ń gba ayé nímọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n máa fi àmì bíi @ àti # sínú ọ̀rọ̀ aṣínà, yí ohùn padà ní 2017, ó ní gígùn rẹ̀ ló ṣe kókó. Ọ̀rọ̀ aṣínà ti íméèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ má sì lò ó níbòmíràn, nítorí pé ẹni tí ó bá gba íméèlì lọ́wọ́ ẹni lè fi í pààrọ̀ gbogbo ìyókù.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ gbọ́ bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń pe àwọn ìyá wa lórí fóònù: “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, láti báńkì yín ni. BVN yín ti ní ìṣòro, wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń wọlé bọ̀ sórí fóònù yín, ẹ tètè kà á fún mi.” Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí ti tẹ gbogbo ohun mìíràn tí wọ́n fi ń wọ inú àkáǹtì náà; nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan ni kò ní, ìkánjú tí ó fi sínú ohùn rẹ̀ ni ó sì fi ń gbà á. Kò sí báńkì tí ń béèrè rẹ̀. Ẹ pa fóònù, kí ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyá ti kà á fún un, kí ọmọ tí ó gbọ́ má bú u, nítorí ìtìjú a máa mú àgbà dákẹ́ títí owó yóò fi tán. Kí ó bá a pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì náà.