Àpapọ̀ Nìkan Kò Tó
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá ní Al-Hujun, Mẹ́kà

 

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ìjọba Saudi ń ka àwọn tó ṣe Háájì. Lọ́dún 2024, wọ́n jẹ́ 1,833,164. Lọ́dún 2025, wọ́n jẹ́ 1,673,230. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní wọ́n kàn dín díẹ̀ ni, nítorí kò tó mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí à ń pè ní R. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní New Zealand ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ to iye náà sí òpó mẹ́ta: odun, ibi, iye. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ báyìí:

t <- xtabs(iye ~ odun + ibi, data = haji)
knitr::kable(addmargins(t, 2), format.args = list(big.mark = ","))

Ìlà kìíní á pín iye náà sí ọdún àti ibi. Ìlà kejì á ro àpapọ̀, á fi kómà sí i kí ó rọrùn láti kà, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde bíi tábìlì. Èyí ni ohun tó jáde, a kàn fi Yorùbá kọ àkọlé rẹ̀:

| Ọdún | Ilé | Òkèèrè | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| 2024 | 221,854 | 1,611,310 | 1,833,164 |
| 2025 | 166,654 | 1,506,576 | 1,673,230 |

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó ti òkèèrè wá fi 104,734 dín, kò tó méje nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ilẹ̀ yìí, onílé àti àlejò, fi 55,200 dín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin! Àwa gan-an wà nínú wọn, àpapọ̀ kò sì jẹ́ ká rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé owó ẹgbẹ́ wa. Bí akápò bá ka àpapọ̀ owó ìrànwọ́, ẹ béèrè pé: èló ni ti àwọn ará Jeddah, èló ni ti Mẹ́kà? Èló ló kan opó, èló ló kan aláìsàn? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà bá wa ṣe é. Ẹni tí ìyà ń jẹ kì í hàn nínú àpapọ̀.