Olú tí ó ń bọ́ igi, olú tí ó ń pa igi

 

Ọ̀rọ̀ olú ni mo bá wá lónìí. Ẹ̀yin ìyá ni ẹ mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ̀yin ni ẹ ń gbé agbọ̀n lọ sínú igbó. Ẹ kì í rìn kiri lásán, ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ìdí igi apá ni, tàbí ìdí igi tí èso rẹ̀ pẹlẹbẹ máa ń là pàà ní ẹ̀ẹ̀rùn. Isoberlinia ni àwọn onímọ̀ ń pe igi yẹn. Kí ló dé tí olú fi yan ìdí àwọn igi yìí?

Olú tí a ń ká, èso ni, bí máńgòrò ti jẹ́ èso igi rẹ̀. Ara olú gan-an wà nínú ilẹ̀. Ó rí bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Òwú yìí ń wé mọ́ orí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ti igi apá, bí àkọ̀ ṣe ń bo ọ̀bẹ. Ó ń na ara rẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé. Ó ń fa omi àti ọ̀rá ilẹ̀ wá fún igi. Igi náà kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ewé rẹ̀ ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ dídùn, ó sì ń fún olú nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gé igi náà lulẹ̀, ebi á pa olú.

Kì í ṣe gbogbo olú ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Olú ọ̀gán, ikán ni ó ni oko rẹ̀. Ikán ni ó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé wọn.

Wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí ní agbègbè wa níhìn-ín. Ọ̀mọ̀wé Nourou Soulemane Yorou ti yunifásítì Parakou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ igbó ìjọba Wari-Maro. Wọ́n ka irú olú jíjẹ tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n. Iṣẹ́ náà jáde ní 2001. Wọ́n tún béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní 2002, André De Kesel láti Bẹ́ljíọ̀mù, Jean Claude Codjia àti Yorou tẹ ìwé kan jáde lórí olú jíjẹ ilẹ̀ Benin.

Ẹ wá wo oko wa. A ń gé apá fún pákó. Darandaran ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. A ń ṣán igbó, a ń gbin kajú àti tẹ́ẹ̀kì sí i. Kajú ń mú owó wá, n kò ní sọ pé kí ẹ má gbìn ín. Ṣùgbọ́n olú tí ó ń bá apá gbé kì í bá kajú gbé, kì í sì í bá tẹ́ẹ̀kì gbé. Àwọn náà ní òwú tiwọn nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n òwú yẹn kì í so olú tí ènìyàn lè ká. Bí kajú bá gba gbogbo igbó, kí ni ìyá yóò ká sínú agbọ̀n? Ẹ fi apá díẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yín.

Àwọn ọ̀tá igi náà wà. Ní oko rọ́bà ní gúúsù Nàìjíríà àti ní Côte d'Ivoire, olú kan wà tí òwú funfun rẹ̀ ń jẹ gbòǹgbò. Inú kùkùté àtijọ́ ni ó ń fara pamọ́ sí. Bí gbòǹgbò bá kan gbòǹgbò, ó kọjá sí igi tuntun. Ewé á pọ́n, á rẹ̀, igi á wó. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń hú kùkùté kí wọ́n tó gbin igi. Lára kajú, ọ̀tá mìíràn ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ẹ̀ka á máa gbẹ láti orí, oje á máa sun lára igi. Ẹ fi àdá mímú gé ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, ẹ kó o jáde, ẹ sun ún, ẹ sì nu àdá yín kí ẹ tó kan igi mìíràn.

Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá? Ọ̀rẹ́ ń hù láti inú ilẹ̀, gbòǹgbò igi kì í sì í jẹrà. Olú tí ó bá hù lára igi tútù, ẹ fura sí i. Èyí tí ó wà lára igi tí ó ti kú, ẹ fi í sílẹ̀, ilẹ̀ ni ó ń sọ igi náà dà. Ọ̀rẹ́ igi kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀rẹ́ ikùn o. Olú tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má jẹ ẹ́.

Ẹnì kan yóò béèrè bóyá a lè gbin apá. A lè gbìn ín. Amadou Bâ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òwú olú sí ìdí apá kékeré nínú ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1999. Àwọn olú kan mú kí apá náà dàgbà sí i. Ní abúlé, a kò nílò ẹ̀rọ kankan fún un. Ẹ ṣa kóró apá, kóró dúdú tí ìdí rẹ̀ pupa. Ẹ lọ sí ìdí apá àgbà tí olú máa ń hù sí. Ẹ gbọ́n ewé kúrò, ẹ bu erùpẹ̀ tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ inú àpò ọ̀rá tí ẹ fẹ́ gbin kóró sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi náà dáadáa ná. Tí ewé rẹ̀ bá ń rẹ̀, tàbí tí ìdí rẹ̀ ń jẹrà, ẹ má bu erùpẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ sí ìdí òmíràn.